Baffle tó ní ihò lẹ́yìn: ibo ló yẹ ká gbé e sí kí báàsì má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀?

Ọ̀rọ̀ baffle la fẹ́ sọ lónìí, ìyẹn àpótí tí ń gbé ohùn rédíò, ohùn tẹlifíṣọ̀n àti orin jáde. Ó ti wọ ilé púpọ̀, ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wọ mọ́ṣáláṣí, buvette kò sì pé láìsí i. Ṣùgbọ́n a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí ibi tí a ń gbé e sí. Ibi tí àyè bá ti ṣẹ́ kù nínú ilé la máa ń tì í sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Takon tí wọ́n ra baffle méjì, àlòkù tó ti Yúróòpù wá. Baffle náà dára, igi rẹ̀ le, ihò róbótó kan sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ọ̀kan sí igun sàlóò lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì, wọ́n fi ẹ̀yìn wọn ti ògiri pátápátá kí àwọn ọmọdé má baà kọsẹ̀ lára wọn. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìròyìn Yorùbá ló ń lọ lórí rédíò. Àyà mi ń gbọ̀n rìrì, páànù òkè ń dún ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ohun tí oníròyìn ń wí. Bàbá wò mí, wọ́n ní: «Ọmọ mi, ohùn ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ò bọ̀.»

Ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti sọ fún wọn pé ampli ló bàjẹ́, pé kí wọ́n wá owó òmíràn. Wọ́n ti ń wá owó náà. Èmi àti ọmọ wọn kan fa àwọn baffle yẹn kúrò lára ògiri, a gbé wọn kúrò ní igun, a sún àga Bàbá síwájú díẹ̀. Kò tó ìdajì wákàtí. Ọ̀rọ̀ jáde kedere, a ò sì ná fáráǹkì kan. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí sílẹ̀: kí ẹnikẹ́ni tó ná owó, kí ó kọ́kọ́ sún baffle rẹ̀.

Kí ni ihò ẹ̀yìn yẹn ń ṣe?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ihò yẹn wà kí ooru lè jáde. Rárá o. Ẹ mú ìgò òfìfo kan tàbí kèǹgbè, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó máa dún «hùù». Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ìgò náà kí ẹ tún fẹ́ ẹ: ohùn rẹ̀ á gòkè sí i. Atẹ́gùn tó wà ní ọrùn ìgò ló ń lọ tó ń bọ̀, atẹ́gùn inú ikùn ìgò sì ń tì í padà bíi sípíríǹgì. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, ló ṣe àlàyé rẹ̀ dáadáa ní nǹkan bí ọdún 1860 sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe irú ìgò bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ìgò ńlá ni baffle tó ní ihò. Awọ kan ń gbọ̀n níwájú rẹ̀ (pápà líle ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n bí awọ ìlù ló ṣe ń ṣiṣẹ́). Bí awọ yẹn ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ti ẹ̀yìn. Láyé àtijọ́, ohùn ẹ̀yìn yẹn ń ṣòfò sínú àpótí ni. Albert Thuras, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, ló béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí àpótí tó ní ihò ní ọdún 1930, wọ́n sì fún un ní 1932. Ihò náà ń mú ohùn ẹ̀yìn jáde lọ́nà tí yóò fi ran ohùn iwájú lọ́wọ́, níbi báàsì nìkan. Lẹ́yìn náà ni Neville Thiele, ará Ọsirélíà, ní 1961, àti Richard Small láàárín ọdún 1970 sókè, fi ìṣirò hàn bí ihò ṣe yẹ kó tóbi tó àti bó ṣe yẹ kó gùn tó fún àpótí kọ̀ọ̀kan.

Báàsì tí mò ń wí yìí ni ohùn tó wúwo, tó ń dún gbìì bíi ti ìlù ńlá. Hertz (Hz) la fi ń ka ohùn, ìyẹn iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí èèyàn tó yè kooro ń gbọ́ láti 20 títí dé 20 000 Hz. Ohùn tó wà ní ìsàlẹ̀ 200 Hz ni mo ń pè ní báàsì níbí.

Ṣé ihò ló lẹ́bi ni, àbí ògiri?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Wọ́n á ní: «Ihò ń fẹ́ báàsì lu ògiri, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ̀.» Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ní ilẹ̀ wa tó móoru, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 345 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohùn bá jẹ́ 1 000 Hz, ìgbì rẹ̀ kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Bí ó bá jẹ́ 50 Hz, ìgbì kan gùn tó nǹkan bíi mítà 7, ó gùn ju sàlóò púpọ̀ lọ. Ohùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í bìkítà fún àpótí kékeré. Ó máa yí i ká, á lọ síwájú, á lọ sẹ́yìn, á lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, bí ihò bá wà níwájú o, bó bá wà lẹ́yìn o, báàsì máa dé ara ògiri, ògiri máa dá a padà, méjèèjì á sì para pọ̀.

Ògiri kan ṣoṣo tó súnmọ́ baffle lè fi tó décibel 6 kún báàsì. Ìyẹn ni pé agbára tí ohùn fi ń ti afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní igun yàrá, ògiri di méjì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sì ṣe ìkẹta. Ẹ rí i pé bí ti Bàbá ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohùn tó tinrin, èyí tó ń gbé kọ́ńsónáǹtì bíi «s», «ṣ», «t» àti «k», kò rí irú ìrànlọ́wọ́ yẹn gbà. Báàsì nìkan ló sanra.

Kí wá ni ihò ẹ̀yìn fi kún un? Ohun méjì. Àkọ́kọ́, ihò nílò àyè láti mí. Bí ògiri bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i, afẹ́fẹ́ kò ní lọ geere, ẹ ó máa gbọ́ «fùú, fùú», báàsì á sì dún bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá. Ó kéré tán, kí àlàfo ẹ̀yìn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ ihò náà: bí ihò bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7, kí àlàfo má dín ní 15. Ìkejì, ohùn tó tinrin díẹ̀ máa ń yọ́ jáde láti inú àpótí gba ihò, tí ògiri bá súnmọ́, a máa dà á padà sí wa létí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń jìyà jù

Ẹ jẹ́ ká wo èdè wa fúnra rẹ̀. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́: ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ohun tí a ń wọ̀ rin ìrìn àjò, ohun tí a fi ń ro oko. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀fun rẹ̀ sábà máa ń gbọ̀n láàárín 85 sí 180 Hz. Ti obìnrin sábà máa ń wà láàárín 165 sí 255. Ẹ rí i pé ohùn ọkùnrin wà nínú báàsì tààrà.

Yàrá pẹ̀lú ní ohùn tirẹ̀. Bí ògiri méjì bá kọjú sí ara wọn, ìgbì kan wà tó máa wọ àárín wọn ṣínṣín, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, tí kì í sì tètè kú. Sàlóò Bàbá gùn ní mítà 4. Ohùn tó wọ̀ ọ́ ni nǹkan bíi 43 Hz, ìlọ́po rẹ̀ 86, àti 129. Nígbà tí ohùn oníròyìn bá bọ́ sórí 86 tàbí 129, yàrá á gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, á gbé e ga, á sì dá a dúró lẹ́yìn tí ó ti wọ sílébù mìíràn. Ohùn àná kò tíì lọ tí ohùn òní ti dé. Ohùn tó wúwo tó sì ń pariwo tún máa ń bo ohùn tó tinrin mọ́lẹ̀ nínú etí wa. Kọ́ńsónáǹtì bá sọnù, àmì ohùn bá dàrú, kí ló kù nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá? Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdánù.

Gígùn ògiri sí ògiri àti ohùn tí yàrá fẹ́ràn jù nìyí:
- Mítà 3: nǹkan bíi 57 Hz
- Mítà 4: nǹkan bíi 43 Hz
- Mítà 5: nǹkan bíi 34 Hz
- Mítà 6: nǹkan bíi 29 Hz

Kí ẹ máa fi 2 àti 3 sọ wọ́n di púpọ̀ láti rí àwọn tó tẹ̀lé e. Yàrá tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, bíi 4 sí 4, ló burú jù, nítorí ohùn kan náà ló ń jáde lọ́nà méjì. Èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, bíi 6 sí 3, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ lè fi èyí sọ́kàn.

Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀

Ẹ wá ẹni méjì: ọ̀kan á máa sún baffle, ìkejì á jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe fi orin nìkan dán an wò. Ẹ fi ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ Yorùbá, bí ìròyìn tàbí ìwàásù, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ìlù dùndún kún un.

1. Ẹ pa ampli kí ẹ tó gbé nǹkan. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò láti fi gbé e. Ẹ fi iná wo inú ihò náà: ọmọdé lè ti ki àkísà sí i, agbọ́n tàbí ọmọọ́lé sì lè ti fi ṣe ilé.

2. Ẹ dá bọ́tìnnì báàsì ara ampli padà sí àárín. Ẹni tí kò bá ṣe èyí ń fi ọwọ́ kan kọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì wó.

3. Ẹ gbé baffle kúrò ní igun. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, bíi 70 tàbí 80. Ẹ má jẹ́ kí méjèèjì dọ́gba.

4. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí báàsì bá ṣì pọ̀, ẹ fà á síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ tún gbọ́. Bí ó bá ti wá gbẹ jù, tí ìlù kò ní ikùn mọ́, ẹ dá a padà díẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ nílẹ̀ níbi tó dára.

5. Ẹ sún àga náà. Báàsì ń gbára jọ sí ara ògiri. Ẹni tó fi ẹ̀yìn àga ti ògiri á gbọ́ ọ̀pọ̀ báàsì. Ẹni tó jókòó sí àárín gbùngbùn yàrá lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú yàrá mítà 4, kí orí ẹni tó ń gbọ́ ọ wà ní nǹkan bíi mítà 1 àti ààbọ̀ sí ògiri ẹ̀yìn.

6. Ẹ wo gíga rẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ náà ń fi báàsì kún un. Ẹ gbé baffle kékeré sórí bíríkì sìmẹ́ǹtì tó dúró ṣinṣin, kí awọ kékeré òkè bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Tábìlì tí inú rẹ̀ ṣófo máa ń bá a gbọ̀n, kò dára.

Bí iṣẹ́ náà bá pẹ́ jù lójú yín, ọgbọ́n mìíràn wà. Ẹ gbé baffle kan sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ máa lu ìlù nínú rẹ̀. Kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ máa rìn lọ lẹ́bàá ògiri níbi tí baffle lè dúró sí. Ibi tí ìlù bá ti dún dọ́gba sí yín létí, tí kò gbè, tí kò sì sọnù, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé baffle sí. Ọ̀nà tí ohùn gbà lọ náà ló ń gbà bọ̀.

Kí ló dé tí sísún díẹ̀ ṣe ń yí nǹkan padà tó bẹ́ẹ̀?

Ohùn tó lọ sí ògiri tó sì padà kì í fìgbà gbogbo ran ti iwájú lọ́wọ́. Níbi ohùn kan, ó máa ń dé nígbà tí ti iwájú ń lọ sódìkejì, bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan ń tì í wọlé, ìkejì ń tì í jáde. Ilẹ̀kùn ò ní mira. Ohùn yẹn á sọnù. Bí iwájú baffle bá jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, ohùn tó máa ń jìyà nìyí:
- Sẹ̀ǹtímítà 50: nǹkan bíi 170 Hz
- Mítà 1: nǹkan bíi 86 Hz
- Mítà 1 àti ààbọ̀: nǹkan bíi 57 Hz
- Mítà 2: nǹkan bíi 43 Hz

Ẹ ò rí i pé bí baffle ṣe ń jìnnà ni ihò inú ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àlàfo ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ má dọ́gba: bí wọ́n bá dọ́gba, ohùn kan náà ni wọ́n jọ máa pa. Kò sí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti máa pé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yéni, tí ìlù sì ní ikùn, òun là ń wá.

Bí àyè kò bá sí ńkọ́?

Sàlóò ẹlòmíràn kò fẹ̀, kò lè fa baffle wá sí àárín ilé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi fóòmù rírọ̀ dí ihò ẹ̀yìn. Báàsì á dín kù. Ẹ kọ́kọ́ fi fóòmù kékeré dí i lápá kan, kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó dí i pátápátá. Kí ó ṣeé fà jáde, kó má jábọ́ sínú. Ohun tí ẹ bá ṣe sí ọ̀kan, ẹ ṣe é sí ìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: nígbà tí ihò bá dí, awọ iwájú ló ń dá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ohùn gíga lù ú, awọ lè ya.

Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè mú báàsì. Aṣọ fèrèsé kò lè mú un, ẹní náà kò lè mú un. Ohùn tinrin nìkan ni wọ́n ń gbà. Àwọn wọ̀nyẹn dára fún yàrá tó ń dún «gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n» nítorí carreau àti ògiri sìmẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé wọn pọ̀ jù, báàsì nìkan ló máa kù. Ohun tó lè ran yín lọ́wọ́ ni mátírẹ́ẹ̀sì tó nípọn ní igun yàrá, àjà contreplaqué tí àlàfo wà lókè rẹ̀, àti fèrèsé tí a ṣí. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ń jẹ́ kí báàsì jáde lọ dípò kó máa yí kiri nínú ilé. Àmọ́ ilé aládùúgbò ló ń lọ. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ yí ohùn sílẹ̀.

Ògiri kì í ṣe ọ̀tá

Ẹ má rò pé ká máa sá fún ògiri níbi gbogbo. Baffle kékeré tí báàsì rẹ̀ kò tó nǹkan á gbádùn ògiri, ẹ jẹ́ kó súnmọ́ ọn, kí ihò rẹ̀ ṣáà ti rí àyè mí. Níta gbangba, níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà, ìdí nìyẹn tí baffle tó ń jó ilé yín lulẹ̀ ṣe máa ń dún féfé nínú àgbàlá. Níbẹ̀, ẹ gbé e sí iwájú ògiri ilé, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì ju orin lọ, ẹ gbé e sókè, kúrò ní igun, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí àwọn èèyàn, kí ẹ sì dín bọ́tìnnì báàsì kù fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Bàbá ṣì ń lo ampli tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ yẹn. Àmì ṣọ́ọ̀kì wà nílẹ̀ sàlóò wọn. Ìyàwó wọn ní àwọn máa ń gbálẹ̀ yí i ká ni, àwọn ò jẹ́ pa á rẹ́. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ẹ fà á kúrò lára ògiri ná. Ẹ fún un ní ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ wá gbọ́ ọ.